Bí Iṣẹ́ Báńkì Ṣe Bọ́ sí Abẹ́ Agboòrùn

Bí ènìyàn bá fẹsẹ̀ rìn láti ọjà Ojúwoyè ní Múṣin, tó gba Ìdí-Òro bọ́ sí Ojúẹlẹ́gbá, tó wá yà sí Lawanson ní Súrùlérè tàbí Sábó ní Yábàá, kò sí òpópó tó máa gbà tí kò ní bá agboòrùn kan, tábìlì kékeré kan, àga oníke kan, àti ẹ̀rọ POS tó ń tẹ ìwé péńpé jáde. Ẹni tó jókòó síbẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ń sanwó fún ènìyàn, ó ń gbowó lọ́wọ́ ènìyàn, ó ń bá oníṣòwò fi owó ránṣẹ́ sí Kánò àti Oníṣà, ó ń bá ayálégbé ra iná mànàmáná. Iṣẹ́ tí akọ̀wé báńkì mẹ́ta tàbí mẹ́rin máa ń pín ṣe lẹ́yìn gíláàsì nígbà kan rí, òun nìkan ló ń ṣe é, nínú oòrùn àti nínú òjò.

Wọ́n máa ń sọ pé kọ̀ǹpútà ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ohun tí ojú wa ń rí ní Mainland Èkó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ kò parẹ́ rárá. Ńṣe ló ṣí kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan lọ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Bí ó sì ti ń ṣí, ewu inú rẹ̀ ń bá a ṣí. Ààbò tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kì í sábà bá a lọ. Iṣẹ́ owó ni a ó fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí, nítorí kò sí ilé kan láti Múṣin dé Yábàá tí iṣẹ́ owó kò kàn.

Nígbà tí tálì ṣì wà

Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ kò tíì gbàgbé tálì. Oníbàárà á dé báńkì láàárọ̀, á kọ ìwé ìgbowó, á fi lé akọ̀wé lọ́wọ́, akọ̀wé á sì fún un ní tálì tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìwé ìgbowó yẹn ti máa bẹ̀rẹ̀ ìrìn tirẹ̀. Ẹnì kan á ṣí lẹ́jà ńlá láti wo iye tó kù nínú àkáǹtì. Ẹlòmíràn á fi ìfọwọ́sí orí ìwé wé èyí tó wà nínú fáìlì. Ọ̀gá á buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn náà ni ìwé á tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ka owó, tí wọ́n á wá pe nọ́ńbà. Ó lè gbà tó wákàtí mẹ́ta, oníbàárà á sì máa fi etí sílẹ̀ lórí àga kí nọ́ńbà rẹ̀ má baà fò ó.

Ìbéèrè mẹ́ta péré ni gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ń dáhùn. Ṣé ẹni tó ni àkáǹtì gan-an nìyí? Ṣé owó wà níbẹ̀? Ẹ̀rí wo ló máa wà pé a ti san án? Kí òǹkàwé fi ìbéèrè mẹ́ta yìí sọ́kàn, torí pé àwọn náà ni ẹ̀rọ òde òní ń dáhùn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé lẹ́jà.

Ìyá aláta kò ní wákàtí mẹ́ta tó máa fi jókòó sí báńkì. Alájọ ni báńkì tirẹ̀. Láràárọ̀ ni alájọ máa ń gba ìsọ̀ kọjá pẹ̀lú káàdì tí wọ́n fa ilà sí fún ọjọ́ 31. Bí ìyá bá ń dá 500 náírà lójúmọ́, alájọ á gba owó, á fàmì sí káàdì ìyá, á sì fàmì sí tirẹ̀. Nígbà tí oṣù bá parí, ìyá á kó gbogbo owó rẹ̀, àfi ti ọjọ́ kan ṣoṣo tó jẹ́ èrè alájọ. Àwọn náà ti dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yẹn: ojú ni alájọ fi mọ ìyá, káàdì ló ń sọ iye tó wà nílẹ̀, àmì méjì tó bára mu ni ẹ̀rí. Ewu inú rẹ̀ kò sì pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí alájọ bá sá lọ, owó ti lọ nìyẹn.

Agboòrùn kan náà, ọjà mẹ́ta

Agboòrùn tí a ń rí lónìí kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2001, ìlà fóònù NITEL, iléeṣẹ́ fóònù ìjọba, tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò ju nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni àwa ènìyàn ti ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn ni Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ GSM. Símù wọ́n gógó, owó ìpè ìṣẹ́jú kan sì tó 50 náírà. Ẹni tó bá rí owó ra fóònù kan á gbé tábìlì síta, á ta agboòrùn, á sì máa ta ìpè ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú fún àwọn tí kò ní. Bí a ṣe ń pe ìyá wa ní abúlé nìyẹn, tí olóòtú ìpè á máa wo aago.

Glo dé ní ọdún 2003, ó gbé ìṣirò ìpè ní ìṣẹ́jú àáyá dé, owó símù sì ń wálẹ̀. Nígbà tí oníkálukú ti ní fóònù tirẹ̀, ìpè kò tà mọ́. Àwọn tó wà lábẹ́ agboòrùn kò kó wọlé. Káàdì ìpè ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Nígbà tí àwọn ènìyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìpè láti inú àkáǹtì wọn tààrà, káàdì náà rọlẹ̀, POS sì rọ́pò rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ: ọjà mẹ́ta láàárín ogún ọdún, lórí tábìlì kan náà. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òní ti kọ́ iṣẹ́ tuntun lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì sí iléeṣẹ́ kan tó rán an lọ sí ẹ̀kọ́.

Ìpìlẹ̀ tí ojú kò rí

Kí POS tó lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi ní Múṣin, oríṣiríṣi ìpìlẹ̀ ni wọ́n ti ní láti fi lélẹ̀. Ní ọdún 2002 ni wọ́n dá Interswitch sílẹ̀, kí káàdì báńkì kan lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ báńkì mìíràn. Lẹ́yìn náà ni CBN, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, sọ nọ́ńbà àkáǹtì gbogbo báńkì di oní-nọ́ńbà mẹ́wàá, èyí tí wọ́n ń pè ní NUBAN. Nọ́ńbà kẹwàá yẹn kì í ṣe nọ́ńbà lásán. Látinú mẹ́sàn-án tó ṣáájú rẹ̀ àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ báńkì ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀, kí ẹ̀rọ lè tètè mọ̀ bí ẹnì kan bá ṣi ọ̀kan tẹ̀.

Ní ọdún 2011, NIBSS, iléeṣẹ́ tó ń so báńkì mọ́ báńkì, bẹ̀rẹ̀ ètò tó ń jẹ́ kí owó kúrò ní báńkì kan kó dé òmíràn lójú ẹsẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, CBN fi Èkó bẹ̀rẹ̀ ètò dídín owó bébà kù nígboro, kó tó tàn dé àwọn ìpínlẹ̀ yòókù. Ní ọdún 2013, CBN gbé òfin jáde tó jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ báńkì lè ṣe aṣojú báńkì nínú ìsọ̀ tirẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2014, BVN dé, tí wọ́n ya ìka àti ojú oníbàárà sínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo fún gbogbo báńkì. Paga, iléeṣẹ́ ìfowóránṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2009 tó sì fìdí kalẹ̀ sí òpópó Herbert Macaulay ní Yábàá, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wá aṣojú káàkiri ìgboro. OPay dé ní 2018, Moniepoint náà sì gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ jáde lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ló wá sọ iṣẹ́ yìí di iṣẹ́ gbogbo òpópó.

Ẹ jẹ́ ká kíyè sí ohun kan níbí. Òfin ọdún 2013 ló gbé iṣẹ́ náà bọ́ síta, kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan. Àwọn alágbára ló jókòó, tí wọ́n sì pinnu pé kí ẹlòmíràn máa ka owó fún báńkì.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí a bá ki káàdì bọ POS

Oníbàárà ní òun fẹ́ gba 10,000 náírà. Oní-POS á tẹ iye náà, á ki káàdì bọ ẹ̀rọ, á yí ẹ̀rọ sí oníbàárà kó tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ mẹ́rin. Ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó tẹ̀ lé e, gbogbo iṣẹ́ inú báńkì àtijọ́ ló máa wáyé.

Irin kékeré tó ń dán lára káàdì kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Kọ̀ǹpútà ni. Òun ló ń ṣe àmì àṣírí tuntun fún ìsanwó kọ̀ọ̀kan, èyí tí ẹlòmíràn kò lè dà kọ. Ẹ̀rọ á sọ nọ́ńbà àṣírí náà di ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé kà lójú ọ̀nà, símù inú rẹ̀ á sì gbé e lọ sí kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ. Láti ibẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ àwọn tó ń so báńkì mọ́ báńkì. Wọ́n á wo àwọn nọ́ńbà àkọ́kọ́ lára káàdì, òun ló ń sọ báńkì tó ni ín. Báńkì náà á wá dáhùn ìbéèrè wa mẹ́ta: nọ́ńbà àṣírí ni ìfọwọ́sí, iye inú àkáǹtì ni lẹ́jà, ìwé péńpé tó máa jáde ni ẹ̀rí.

Nọ́ńbà méjì ni báńkì fi ń fèsì. Bí ó bá jẹ́ 00, owó ti kọjá. Bí ó bá jẹ́ 51, owó kò tó. Bí ó bá jẹ́ 55, nọ́ńbà àṣírí kò pé. Bí ó bá jẹ́ 91, báńkì tó ni káàdì kò sí lórí ìlà. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ wọ́n lórí, wọ́n sì ń fi wọ́n pa ìjà tó fẹ́ bẹ́ sílẹ̀. Bí 00 bá dé, owó oníbàárà á kúrò ní àkáǹtì rẹ̀, á bọ́ sí àkáǹtì oní-POS lọ́dọ̀ iléeṣẹ́, oní-POS á sì ka owó bébà fún un láti inú àpò tirẹ̀.

Ti fífi owó ránṣẹ́ yàtọ̀ díẹ̀. Oníbàárà á tẹ nọ́ńbà mẹ́wàá, orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì á jáde kó tó fọwọ́ sí i. Báńkì tirẹ̀ á yọ owó, NIBSS á gbé ọ̀rọ̀ náà dé báńkì kejì, báńkì kejì á sì fi owó sí àkáǹtì ẹni tó ń dúró. NIBSS kò gbé bébà owó kankan. Alárenà ló jẹ́ láàárín ìdílé méjì: ó mú ọ̀rọ̀ lọ, ó mú èsì bọ̀, àwọn ìdílé fúnra wọn ló sì máa yanjú ohun tí ẹnì kan jẹ ẹnì kejì. Ìṣirò gbèsè yẹn ni wọ́n ń ṣe lórí àkáǹtì tí báńkì kọ̀ọ̀kan ní lọ́dọ̀ CBN.

Ibi tí wàhálà ti ń wá ni ìgbà tí èsì bá sọnù lójú ọ̀nà. Báńkì ti yọ owó, ó ti fọhùn 00, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì já kí ọ̀rọ̀ tó padà dé Ojúwoyè. Fóònù oníbàárà ń sọ pé owó ti kúrò, ẹ̀rọ oní-POS ń sọ pé kò kọjá. Kò sí ẹni tó ń purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ẹ̀rọ ní láti dá owó náà padà, CBN sì ti pàṣẹ láti ọdún 2020 pé ẹjọ́ owó POS kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 72 lọ. Ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú tí ó ṣẹlẹ̀, nígbà tí bàbá kan fẹ́ fi owó náà ra oògùn ọmọ rẹ̀, ojú ta ni bàbá náà ń wò? Ojú ọ̀dọ́mọbìnrin abẹ́ agboòrùn ni. Òun ni bàbá máa bú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ọ̀nà kankan láti fi wo inú kọ̀ǹpútà báńkì.

Ìṣirò oní-POS

Ní ọ̀pọ̀ ibi, 100 náírà ni wọ́n ń gbà lórí 5,000, ìyẹn 200 lórí 10,000. Ẹni tó bá gbọ́ iye yìí lè rò pé owó ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ máa ń yọ ìdá tirẹ̀. Owó àyè tábìlì wà, owó ọjà wà, dátà wà, iná tí wọ́n fi ń gba agbára sí ẹ̀rọ wà. Lékè gbogbo rẹ̀, owó bébà fúnra rẹ̀ ti di ọjà tí ènìyàn ń rà. Báńkì kì í sábà fún oní-POS ní iye tó máa lò lójúmọ́, nítorí náà àwọn oníṣòwò ló máa ń lọ bá: oníbúrẹ́dì, aláta, oníbẹntiróòlù, ẹni tó ń gba owó bébà láti àárọ̀ tí kò fẹ́ tò sí báńkì. Àwọn oníṣòwò náà ti mọ iyì rẹ̀, ẹlòmíràn sì ń gba èrè lórí owó tó fún oní-POS.

Bí owó ṣe ń yí nínú ọjà nìyẹn láìwọ báńkì. Owó tí oníbàárà fi ra tòmátì láàárọ̀ bọ́ sọ́wọ́ aláta. Aláta kó o fún oní-POS lọ́sàn-án, oní-POS fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì aláta. Oníbàárà mìíràn wá gba owó bébà yẹn nírọ̀lẹ́. Ọjà Ojúwoyè ti di báńkì ara rẹ̀.

Ewu tó wà níbẹ̀ kò kéré. Owó ńlá wà lórí tábìlì níta gbangba, olè sì mọ̀. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà kan ṣi owó ránṣẹ́ lè máa bẹ̀bẹ̀ fún oṣù kan. Àwọn iléeṣẹ́ kan máa ń gba ẹ̀rọ wọn padà bí ẹni tó ń lò ó kò bá ṣe iye iṣẹ́ tí wọ́n là sílẹ̀. Èyí tó burú jù ni owó olè. Bí ẹnì kan bá jí káàdì tàbí fóònù ẹlòmíràn, tó sì gba owó náà lábẹ́ agboòrùn, ọ̀nà tí owó gbà hàn kedere nínú ẹ̀rọ: àkáǹtì oní-POS ló kẹ́yìn. Àkáǹtì rẹ̀ ni wọ́n máa tì, tí òun tó san owó bébà jáde tọkàntọkàn á wá máa rojọ́. Akọ̀wé báńkì ìgbà tálì ní ọlọ́pàá lẹ́nu ọ̀nà, ó ní owó oṣù, ó ní ọ̀gá tó buwọ́ lùwé ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Oṣù tí owó bébà di ọ̀wọ́n

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, CBN kéde pé òun máa pààrọ̀ bébà 200, 500 àti 1,000 náírà. Wọ́n fi ọjọ́ 31 oṣù Kìíní 2023 ṣe gbèdéke, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 10 oṣù Kejì. Owó àtijọ́ wọlé sí báńkì, owó tuntun kò jáde tó. Àwọn ènìyàn sùn sí ẹnu ọ̀nà ATM. Lábẹ́ agboòrùn, owó tí wọ́n ń gbà lórí 10,000 gòkè dé 2,000, ó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ níbòmíràn. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ pàṣẹ pé kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ níná títí di ìparí ọdún náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbé oní-POS ṣépè lóṣù yẹn, àwọn kan sì jẹ èrè tí kò tọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ló fara hàn. Àkọ́kọ́, àwọn tí kò tíì fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù rí ni wọ́n kọ́ ọ ní tipátipá: kọndọ́kítọ̀ kọ nọ́ńbà àkáǹtì sára ọkọ̀, alákàrà lẹ tirẹ̀ mọ́ páálí. Èkejì, agbára ẹ̀rọ kò tó ẹrù tí wọ́n gbé lé e lórí. Owó tí ènìyàn fi ránṣẹ́ láàárọ̀ lè má dé títí ilẹ̀ fi ṣú. Owó wà nínú àkáǹtì, ebi sì ń pa olówó. Ẹ̀kọ́ tó yẹ kí ìjọba mú níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ kì í rọ́pò owó bébà ní ọjọ́ kan nípa àṣẹ.

Iṣẹ́ tuntun nínú ìsọ̀ àtijọ́

Ìyípadà náà kò dúró sí abẹ́ agboòrùn. Ní Ládípọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, àti ní Tẹ́júoṣó, níbi tí aṣọ ti ń tà, ẹnì kan ti wà ní ọ̀pọ̀ ìsọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó dúró de alert, àtẹ̀jíṣẹ́ tí báńkì fi ń sọ pé owó ti wọlé. "Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó wọlé ná" ti di ọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́ lójoojúmọ́. Ayédèrú alert ló fà á: àtẹ̀jíṣẹ́ tí ọ̀bàyéjẹ́ ṣe kó jọ ti báńkì, tí kò sí owó kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá tó bá gbọ́n kì í wo àtẹ̀jíṣẹ́, inú àkáǹtì gan-an ló ń wò. Nítorí náà, ọmọ iṣẹ́ tó mọ fóònù lò ti ní iyì kan tí ọmọ iṣẹ́ ayé àtijọ́ kò ní, ọ̀gá tí kò mọ̀ ọ́n lò sì ti ń gbára lé ọmọ tó yẹ kí òun máa kọ́. Ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn dára nígbà tí ọmọ bá jẹ́ olóòótọ́, ó sì ti ba ìsọ̀ jẹ́ nígbà tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Alájọ náà kò parẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gba àjọ lórí fóònù báyìí, tí wọ́n sì ń fi àwòrán káàdì ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àwọn ọ̀dọ́ tó dá PiggyVest, ètò ìfowópamọ́ orí fóònù, sílẹ̀ ní ọdún 2016 rí èrò wọn lára obìnrin kan tó fi kóló pa owó mọ́ lójoojúmọ́ fún odindi ọdún kan. Ohun tí ìyá aláta ti mọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, pé díẹ̀díẹ̀ lójúmọ́ ló ń di púpọ̀, ni wọ́n kọ sínú kọ̀ǹpútà. Níbi tí ẹ̀rọ bá ti tẹ̀ lé àṣà tó wà nílẹ̀, ara àwọn ènìyàn máa ń tètè gbà á.

Yábàá àti okùn abẹ́ òkun

Àwọn tó ń kọ irú ètò báyìí, Yábàá ni ọ̀pọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe èèṣì. Yaba College of Technology ti wà níbẹ̀ láti 1947, Yunifásítì Èkó dé sí Akọka ní 1962, ilé àyágbé kò sì wọ́n tó ti Erékùṣù. Ní 2011, CcHub, ibùdó àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ṣí ilẹ̀kùn ní òpópó Herbert Macaulay, pẹ̀lú iná àti íntánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀dọ́ kan kò lè dá nìkan rà. Andela bẹ̀rẹ̀ ní 2014, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kí wọ́n lè máa ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ òkèèrè láti ilé. Mark Zuckerberg tó dá Facebook sílẹ̀ wá sí Yábàá ní oṣù Kẹjọ 2016, ó sì fẹsẹ̀ rìn nígboro.

Ìṣípòpadà iṣẹ́ kò yọ àwọn náà sílẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 2019, Andela dá nǹkan bí 400 òṣìṣẹ́ tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ dúró ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà, nítorí pé àwọn tó ti nírìírí ni àwọn oníbàárà òkèèrè ń fẹ́. Ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà nínú yàrá tútù àti ẹni tó wà lábẹ́ agboòrùn ń jìyà irú ìpinnu kan náà: ẹni tó gbé iṣẹ́ wá lè gbé e lọ.

Gbogbo rẹ̀ tún rọ̀ mọ́ okùn tí a kò rí. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun kọjá, WACS, MainOne, SAT-3 àti ACE, já nítòsí Abidjan. Lọ́jọ́ yẹn, ètò àwọn báńkì kan kò ṣí, owó kò rìn dáadáa, oníṣòwò Èkó jókòó tì ọjà rẹ̀ nítorí nǹkan tó já lábẹ́ òkun ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Ó gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó tún okùn náà so tán. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí okùn mẹ́rin gba ibì kan náà kọjá.

Ohun tó tọ́ sí wọn

Kò sí ẹni tó ní kí a padà sí ìgbà tálì. Ìyá tó ń gba owó ọmọ rẹ̀ láti Ìbàdàn ní ìṣẹ́jú kan kò ní gbà bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kó gbà. Ìrọ̀rùn tó dé bá wa pọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹnì kan ló ń ru ìrọ̀rùn náà, a kò sì tíì fún un ní ohun tó tọ́ sí i.

Ìjọba ti ń gbé òfin jáde. Ní 2024, CAC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìforúkọsílẹ̀ iṣẹ́ òwò, ní kí gbogbo oní-POS forúkọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, CBN fi 100,000 náírà ṣe òdiwọ̀n ohun tí oníbàárà kan lè gbà lójúmọ́ lọ́dọ̀ aṣojú, ó sì fi 1,200,000 ṣe òdiwọ̀n ohun tí aṣojú kan lè san jáde. Òfin wọ̀nyí lè dènà olè. Ṣùgbọ́n ohun tí aṣojú kò gbọ́dọ̀ ṣe ni wọ́n ń sọ. A kò tíì gbọ́ tó nípa ohun tí ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ṣe fún un.

Kí iléeṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ ṣe ètò ìdójútòfò fún owó tí wọ́n bá jà gbà lórí tábìlì. Kí wọ́n ní ènìyàn tó máa gbé ìpè rẹ̀ nígbà tí owó bá há, kí ó má jẹ́ pé òun ni yóò máa gba èébú fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kí wọ́n má ti àkáǹtì rẹ̀ pa láìgbọ́ tẹnu rẹ̀ nígbà tó bá ní ìwé ẹ̀rí. Kí wọ́n kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà kí wọ́n tó fún un ní ẹ̀rọ. Ní ti àwa oníbàárà, kí a bo nọ́ńbà àṣírí wa, kí a ka orúkọ tó jáde kí a tó fọwọ́ sí i, kí a gba ìwé ẹ̀rí, kí a sì fi sùúrù bá ẹni tó wà níwájú wa sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá kọ̀. Báńkì ni kí a pè lẹ́jọ́, nítorí ọ̀dọ̀ báńkì ni owó wa wà.

Àwọn báńkì ló gbé iṣẹ́ wọn jáde sí òpópó Múṣin, Súrùlérè àti Yábàá, wọ́n sì ń jèrè rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó ń jèrè iṣẹ́ ló yẹ kó bá òṣìṣẹ́ ru ewu rẹ̀.